Òṣùwọ̀n wo ló yẹ kí ẹ fi wọn oríṣiríṣi ẹ̀dá? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ti ka igi tán

Ẹ jẹ́ ká mú pulọ́ọ̀tì igbó méjì, ìyẹn ilẹ̀ tí a wọ̀n sọ́tọ̀ láti ka igi inú rẹ̀. Èmi ni mo to nọ́ńbà wọn jọ kí àlàyé lè rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí igbó àdáyébá àti oko igi gmelina ti ń bára wọn pààlà, yóò mọ irú ibi tí mò ń sọ.

Igi 100 la kà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú pulọ́ọ̀tì igbó àdáyébá: arère 20, ìta 18, ìrè 15, afàrà 12, ahùn 12, ọ̀mọ̀ 10, oganwó 8, ìrókò 5. Nínú oko gmelina tí wọn kò ro mọ́, tí igi mìíràn ti ń hù lábẹ́ rẹ̀: gmelina 76, ìrè 6, ahùn 4, ìta 3, àyúnrẹ́ 3, arère 2, lẹ́yìn náà afàrà, ọ̀mọ̀, ìrókò, àràbà, ìsín àti obì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Èwo ló ní oríṣiríṣi jù? Bí a bá ka ẹ̀yà lásán, oko gmelina ló borí, 12 sí 8. Bí a bá lo òṣùwọ̀n Shannon, tí mo ṣàlàyé pẹ̀lú Simpson ní ìgbésẹ̀ kẹrin, igbó àdáyébá ní 2.01, oko gmelina ní 1.07. Simpson fún igbó ní 0.86, ó fún oko ní 0.41. Kò sí èyí tó purọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè tí kálukú ń dáhùn ló yàtọ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ pinnu kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà ni bí ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n yóò ṣe wúwo tó nínú ìdáhùn yín. Gbogbo ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí, orí ìpinnu yẹn ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀

Gbólóhùn kan ti tó. Bí ìdáàbòbò igbó bá ni ọ̀rọ̀, tí ẹ fẹ́ mọ iye ẹ̀yà tí yóò bá a lọ bí wọ́n bá gé e, ìrókò kan ṣoṣo já mọ́ nǹkan bí arère ogún. Iye ẹ̀yà lẹ nílò nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó ń darí igbó náà lónìí lẹ fẹ́ mọ̀, igi tí òjìji rẹ̀ bo ilẹ̀, ewé tó ń jábọ́ tó ń jẹrà, àwọn tó pọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, Simpson ló sì máa ń tẹ́tí sí wọn. Shannon wà láàárín: bí ẹ̀yà kan bá ṣe pọ̀ tó gan-an ló ṣe wúwo tó lójú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò: kí ni ẹ kà, kí ni ẹ fi sílẹ̀? Gmelina kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, láti Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ nípa bí igi ìbílẹ̀ ṣe ń padà hù, ó yẹ kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́: oko náà yóò ku igi 24 péré, ẹ̀yà 11, Shannon rẹ̀ yóò sì fò láti 1.07 lọ sí 2.17, ó ti kọjá igbó àdáyébá. Òṣùwọ̀n kan náà ni, pulọ́ọ̀tì kan náà ni. Lójú tèmi, ìpinnu ohun tí a ó kà lágbára ju yíyan láàárín Shannon àti Simpson lọ, síbẹ̀ ìlà kan ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é nínú ìwé, bí wọ́n bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tó mọ igi àlejò yàtọ̀ sí onílé. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un.

Ẹ pinnu gbogbo èyí ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣírò òṣùwọ̀n mẹ́wàá, tó wá mú èyí tó gbè é, kò tíì wọn nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín

Igi, ẹja inú àwọ̀n, labalábá: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣeé kà, gbogbo òṣùwọ̀n tí mo dárúkọ ló bá a mu. Koríko kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ìdí koríko kan parí sí, nítorí náà ilẹ̀ tó bò là ń wọn. Ẹ lè fi ìpín ilẹ̀ náà ṣe Shannon tàbí Simpson, ṣùgbọ́n àwọn ìṣirò tó nílò iye ẹyọ, irú Chao tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi nínú igbó láti ya ẹranko ní ìṣòro tirẹ̀. Ìgalà tó kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lè jẹ́ ẹyọ kan. Iye kámẹ́rà tàbí iye ọjọ́ tí ẹranko náà farahàn ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye àwòrán.

Dátà DNA ti kòkòrò àìfojúrí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Iye ìgbà tí ẹ̀rọ ka DNA kan kì í ṣe iye bakitéríà. Àbùdá 16S tí wọ́n sábà máa ń kà wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ara bakitéríà kan, ó sì wà ju ìgbà mẹ́wàá lọ nínú ara òmíràn. Lórí irú dátà báyìí, èmi kì í gbọ́kàn lé iye ẹ̀yà rárá. Simpson tí a yí padà bí mo ṣe máa ṣàlàyé níwájú ló máa ń dúró sán-ún jù, nítorí pé àwọn tó ṣọ̀wọ́n, tí àṣìṣe ẹ̀rọ pọ̀ jù láàárín wọn, kò wúwo lójú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé kíkà yín tó?

Bí ẹ bá ṣe ń ka igi sí i ni ẹ̀yà tuntun yóò máa yọjú. Ẹni tó ka igi 500 kò lè fi iye ẹ̀yà tirẹ̀ wé ti ẹni tó ka 100 bẹ́ẹ̀ lásán. Ọ̀nà àtijọ́ tó ṣì wúlò ni láti dín méjèèjì kù sí iye kan náà: ká ní igi 50 péré la ṣèèṣì mú nínú 100, ẹ̀yà mélòó la ó rí? Howard Sanders ló mú ọ̀nà yìí wọ inú ìmọ̀ ẹ̀dá ní 1968, Stuart Hurlbert sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe ní 1971.

Lórí pulọ́ọ̀tì wa méjèèjì, igbó àdáyébá yóò fún wa ní ẹ̀yà 8.0, oko gmelina yóò fún wa ní 8.4. Ìyàtọ̀ ẹ̀yà mẹ́rin ti wọlẹ̀, kò tó ìdajì ẹ̀yà kan mọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú oko ló gbé nọ́ńbà rẹ̀ ga. Bí a bá dín igi kù sí ìdajì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè bọ́ tàbí kó kù.

Àwọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan yìí gan-an ló máa ń sọ bí iṣẹ́ ṣe kù tó. I. J. Good, onímọ̀ ìṣirò tó sọ pé ọ̀dọ̀ Alan Turing, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni èrò náà ti wá, tẹ ìṣirò kan jáde ní 1953: ẹ pín iye ẹ̀yà tí ẹ rí ní ẹyọ kan ṣoṣo sí iye gbogbo igi tí ẹ kà. Nínú oko gmelina, 6 nínú 100 ni. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá tún ka igi kan sí i, ó tó bí ìgbà mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún tí yóò jẹ́ ẹ̀yà tí ẹ kò tíì rí. Igbó àdáyébá kò ní ẹ̀yà tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo rárá, nítorí náà kíkà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí ìpín yìí bá yàtọ̀ jìnnà láàárín ibi tí ẹ fẹ́ fi wéra, ibi tí ó dọ́gba ni kí ẹ ti fi wọ́n wéra, kì í ṣe ibi tí iye igi ti dọ́gba.

Anne Chao, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Taiwan, fi ọ̀nà kan lélẹ̀ ní 1984 láti fojú díwọ̀n ẹ̀yà tí ẹ kò rí. Ẹ mú iye ẹ̀yà tó ní ẹyọ kan, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ pín in sí ìlọ́po méjì iye ẹ̀yà tó ní igi méjì, kí ẹ fi èsì náà kún iye tí ẹ rí. Fún oko gmelina: 36 pín sí 2, ìyẹn 18, ẹ fi kún 12, ó di 30. Ẹ má tíì jó. Ẹ̀yà kan péré ló ní igi méjì níbẹ̀, ìyẹn arère. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ìṣirò náà dúró. Ìlànà kejì, tí wọ́n tún ṣe nítorí irú ipò báyìí, fi 6 sọ 5 di ìlọ́po, ó sì pín in sí 4: ó di 7.5, àpapọ̀ sì jẹ́ 19.5. Láti 30 sí 19.5, lórí dátà kan náà. Ẹ kọ èyí tí ẹ lò sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà á sí ìwọ̀n ìsàlẹ̀, pé ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ kò ní dín sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi DADA2, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ àṣìṣe ẹ̀rọ kúrò, ṣiṣẹ́ lórí DNA, ẹ ṣọ́ra: bí wọ́n ṣe sábà máa ń lò ó, ó máa ń gbọn àwọn tó fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dànù, orí wọn gan-an sì ni Chao dúró lé.

Òṣùwọ̀n Margalef ńkọ́, tí ó kún inú iṣẹ́ lórí ẹja àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi? Ó yọ 1 kúrò nínú iye ẹ̀yà, ó sì fi lọ́gì (logarithm) iye gbogbo ẹyọ pín in, bíi pé ẹ̀yà gbogbo ibi ń pọ̀ sí i ní ìlànà kan ṣoṣo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ìdí tí mo rí tí ẹ fi lè lò ó ni pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ yín wé iṣẹ́ àtijọ́ tí kò tẹ dátà rẹ̀ jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ṣírò

Ọ̀rọ̀ wáyà àti tẹlifóònù ni Claude Shannon ń bá fínra ní Bell Labs, ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1948: báwo ló ṣe ṣòro tó láti mọ lẹ́tà tó kàn nínú iṣẹ́ tí a rán? Ẹ fi igi rọ́pò lẹ́tà. Ẹ mú ìpín ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi lọ́gì ìpín náà sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ yí àmì ìyọkúrò padà. Ìpín arère jẹ́ 0.20, lọ́gì rẹ̀ jẹ́ −1.609, ohun tó dá sílẹ̀ sì jẹ́ 0.322. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, yóò sì dé 2.01.

Irú lọ́gì tí ẹ lò ṣe pàtàkì. Mo lo lọ́gì àdánidá, èyí tí wọ́n ń kọ ní ln. Bí ètò kọ̀ǹpútà yín bá lo ìdí 2, igbó kan náà yóò jẹ́ 2.89, bí ó bá lo ìdí 10, yóò jẹ́ 0.87. Ẹ ti rí ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ mú Shannon láti inú ìwé ẹlòmíràn kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín láìkọ́kọ́ wo irú lọ́gì tó lò.

Edward Simpson, tó ti bá wọn tú kóòdù ọ̀tá ní Bletchley Park ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tẹ tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1949. Good àti Turing náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó jọ pé ọwọ́ àwọn atúkóòdù ni apá púpọ̀ nínú ohun èlò wa ti wá. Ìbéèrè Simpson rọrùn: ẹ di ojú, ẹ mú igi kan, ẹ tún mú òmíràn, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kí méjèèjì jẹ́ ẹ̀yà kan náà? Ẹ sọ ìpín kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀. Igbó: 0.143. Oko gmelina: 0.586. Bí igi tí ẹ kà bá kéré, ẹ mú iye igi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye náà tí a yọ 1 nínú rẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ṣe bákan náà sí àpapọ̀ tí ẹ ó fi pín in.

Wàhálà tó wà ni pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní Simpson: nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀, tó ń dínkù bí oríṣiríṣi ṣe ń pọ̀, 1 tí a yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú rẹ̀ (mo pè é ní oníyọkúrò, òun ni 0.86 àti 0.41 tí a kọ́kọ́ rí), àti 1 tí a pín sí i. Ìwé tó bá sọ pé “Simpson jẹ́ 0.4” láìsọ èyí tí ó jẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ìdọ́gba Pielou, ìyẹn Shannon tí a pín sí lọ́gì iye ẹ̀yà, fún igbó ní 0.96, ó fún oko ní 0.43. Ó dára láti wò, ṣùgbọ́n iye ẹ̀yà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo àléébù kíkà tí kò tó ló sì bá a wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di iye ẹ̀yà

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ má fò. Ká ní igbó méjì wà tí wọ́n rí bákan náà nínú iye, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ẹ̀yà kan ṣoṣo ní àjọní. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ẹnikẹ́ni yóò gbà pé oríṣiríṣi ti di ìlọ́po méjì. Shannon igbó wa yóò kàn kúrò ní 2.01 lọ sí 2.70. Simpson oníyọkúrò yóò kúrò ní 0.857 lọ sí 0.929, bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá gé ìdajì rẹ̀ sọnù, nọ́ńbà náà yóò tún sọ fún aláṣẹ pé àdánù náà kò tó nǹkan.

Mark Hill ti fi ojútùú lélẹ̀ ní 1973, Lou Jost sì tún tẹnu mọ́ ọn ní 2006. Ẹ bi ara yín léèrè pé ẹ̀yà ọgbọọgba mélòó, tí ọ̀kan kò pọ̀ ju ìkejì lọ, ni yóò fún wa ní nọ́ńbà yìí? Láti yí Shannon padà, ẹ tẹ exp lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Láti yí Simpson padà, ẹ fi nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pín 1. Iye ẹ̀yà kò nílò ìyípadà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di ìdílé kan tí àmì wọn ń jẹ́ q: q tó jẹ́ 0 ni iye ẹ̀yà, 1 ni Shannon, 2 ni Simpson. Bí q ṣe ń ga ni àwọn tó ṣọ̀wọ́n ń fúyẹ́.

Igbó àdáyébá: 8, 7.4, 7.0.
Oko gmelina: 12, 2.9, 1.7.

Ìlà méjì yìí ti sọ gbogbo ìtàn náà. Igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, nítorí pé igi rẹ̀ pín dọ́gba. Oko já láti 12 sí 1.7: ẹ̀yà kan ló ń jọba níbẹ̀, ìyókù kàn wà ní ẹ̀bá. Ẹ tún rí i pé 0.86 àti 0.41 jẹ́ kó dà bíi pé igbó fi ìlọ́po méjì ju oko lọ, nígbà tí 7.0 àti 1.7 fi hàn pé ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ fi q sí ìsàlẹ̀ gíráàfù, iye ẹ̀yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ya ìlà pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá wà lókè òmíràn láti òpin dé òpin, ẹ lè sọ pé ibẹ̀ ló pọ̀ ní oríṣiríṣi jù, kò sí àríyànjiyàn. Bí wọ́n bá kọjá lára wọn, bí tiwa yìí, kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo, ìbéèrè tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní ni yóò yan ibi tí ẹ ó wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣé orúkọ ẹ̀yà nìkan tó?

Títí di ibí, gbogbo ẹ̀yà jìnnà síra bákan náà lójú ìṣirò. Ẹ̀yà mẹ́jọ tí wọ́n wá láti inú ìdílé igi mẹ́jọ kò sì rí bí mẹ́jọ tó jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ìran bá ṣe pàtàkì sí ìbéèrè yín, òṣùwọ̀n tí Daniel Faith mú wá ní 1992 ń ro gígùn ẹ̀ka ìran tí àwọn ẹ̀yà yín gbà kọjá pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrísí àti iṣẹ́ ni, bí ewé ṣe nípọn tàbí bí igi ṣe ga, ti C. R. Rao ti 1982 ń béèrè bí igi méjì tí a ṣèèṣì mú ṣe yàtọ̀ síra tó. Ẹ má wọ ibẹ̀ láìní dátà ìran tàbí ti ìrísí tó ṣeé gbára lé.

Ìgbésẹ̀ keje: inú ibì kan, tàbí láàárín ibi púpọ̀?

Robert Whittaker ló ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní 1960: oríṣiríṣi inú ibì kan, ti gbogbo agbègbè, àti ìyàtọ̀ láàárín ibìkan sí ìkejì. Pulọ́ọ̀tì wa méjèèjì ní ẹ̀yà 13 lápapọ̀, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 10, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.3, lórí òṣùwọ̀n tí 1 túmọ̀ sí ìbejì, tí 2 sì túmọ̀ sí pé wọn kò ní ohunkóhun pọ̀.

Ìbéèrè ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n tún padà wá níbí. Jaccard, tó wo wíwà àti àìsí nìkan, rí ẹ̀yà 7 nínú 13 ní àjọní: wọ́n jọra ju ìdajì lọ. Bray àti Curtis, ti 1957, tó ń ka iye igi, sọ pé wọ́n fi 82 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá lo q tó jẹ́ 0 nínú ibì kan, ẹ lo Jaccard láàárín wọn. Ẹ má fi ojú kan wo inú ilé kí ẹ fi ojú mìíràn wo ìta.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kọ̀ǹpútà àti ìwé

Nínú R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ètò vegan ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ to ibi kíkà sórí ìlà, ẹ̀yà sínú òpó. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ specnumber ń ka ẹ̀yà. Diversity ń fún yín ní Shannon pẹ̀lú lọ́gì àdánidá. Bí ẹ bá ní kó ṣe simpson, oníyọkúrò ni yóò fún yín, invsimpson ni èyí tí a pín. Rarefy ń dín igi kù sí iye kan náà. EstimateR ń lo ìlànà kejì ti Chao, ìyẹn 19.5 wa, vegdist ń ṣe Jaccard àti Bray-Curtis. Fún ìdílé q àti ìfiwéra níbi tí kíkà ti dọ́gba, ètò iNEXT ni kí ẹ lọ bá. Dátà ìdánrawò wà nínú vegan fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni BCI: igi ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama, pulọ́ọ̀tì 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ hẹ́kítà kan, ẹ̀yà 225, igi 21,457. Ẹ fi ìyẹn dánra wò kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín.

Pulọ́ọ̀tì kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bí tiwa yìí, dára fún àlàyé, kò dára fún ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé oko gmelina yàtọ̀ sí igbó, ẹ ka ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì tó jìnnà síra ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì fi ààlà àìdájú sí ìdí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nínú apá ọ̀nà ìṣiṣẹ́, irú gbólóhùn yìí ti tó: “A ka gbogbo igi tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sókè, pẹ̀lú gmelina, a ṣírò iye ẹ̀yà ọgbọọgba ní q tó jẹ́ 0, 1 àti 2, a sì fi wọ́n wéra níbi tí kíkà ti dọ́gba, q tó jẹ́ 1 ni a yàn ṣáájú kíkà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn wa.”